Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀jẹ̀ dídì kì í fẹ́ tú ní ìdájí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ṣómólú ni mò ń gbé, ọjà Balógun ni mo ti ń ta léèsì. Ọmọ ọdún 54 ni mí, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára mi, amlodipine ni mò ń lò. Lóṣù méjì sẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà, ló bá ṣubú. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ní kò ya òun lẹ́nu, pé ẹ̀jẹ̀ máa ń ki ní ìdájí, ara kì í sì í lè tú èyí tó bá dì títí oòrùn á fi yọ. Ó ní kí n má dìde títí aago méje á fi lù, kí n sì máa lo aspirin lálálẹ́. Ẹlòmíràn tún gbé kápúsù kan wá, ó ní ti àwọn ará Jàpáánù ni, pé ó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Aago mẹ́rin ni mo ń jí, èmi tí mo ní ìrun láti kí tí mo sì ní afárá láti gbà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àlàájà, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín o. Ọba Aláàánú á gbé e dìde.

Ọ̀rọ̀ ìdájí tí nọ́ọ̀sì yẹn bá yín sọ, ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Òótọ́ ni pé lọ́wọ́ ìdájí sí àárọ̀, agbára tí ẹ̀jẹ̀ ní láti tú ohun tó bá dì nínú rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún gòkè. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ kì í jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀jẹ̀ ń ki bí ẹ̀kọ tó ti tutù, pé ara á káwọ́ gbera láìtú nǹkan kan títí oòrùn á fi yọ, pé ẹni tó bá ti sùn di aago méje ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, àwọn yẹn ni mi ò bá a dé.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ọjà yín wọ̀ ọ́. Bí abẹ bá gé yín lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í kàn gbẹ bí ọ̀dà. Àwọn ègé kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní plétílẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ sáré lọ lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Lẹ́yìn náà ni ara á wá hun òwú tín-ín-rín kan lé wọn lórí, òwú tó ń jẹ́ fíbírìn. Tí ẹ bá fi máíkírósíkópù wò ó, léèsì ni ẹ máa rí: okùn, ihò, okùn, ihò, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa há sáàárín rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ àríyá. Òun ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Aṣọ tí a fi di egbò, ó ní ọjọ́ tí à ń tú u. Inú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni sísọ́ọ̀sì tó ń gé léèsì yẹn wà, plásímìn lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, kì í sì í ṣe é sílẹ̀ ní ṣíṣí. Inú àpò ló ń kì í bọ̀, kó má baà máa gé ohun tí wọn ò rán an. Ọwọ́ tó ń yọ ọ́ jáde nínú àpò ni tPA, èyí tí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tú sílẹ̀. Ẹnì kẹta wá wà tó ń jẹ́ PAI-1. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó di ọwọ́ yẹn mú. PAI-1 kan á di tPA kan mú, wọn ò ní jẹ́ kí ara wọn lọ mọ́, ẹ̀dọ̀ á sì gbá àwọn méjèèjì dànù pọ̀. Iye ọwọ́ tó bá ṣẹ́kù lómìnira lẹ́yìn ìjàkadì yìí ló ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ dídì á ṣe tètè tú tó.

Àárọ̀ kùtù ni PAI-1 máa ń pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan, sísọ́ọ̀sì pọ̀ nínú àpò. Tó bá di ọ̀sán lọ sí ìrọ̀lẹ́, PAI-1 á dín kù, ọwọ́ á tú. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀tàn kékeré kan nínú: bí ènìyàn bá ka gbogbo tPA inú ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ láìya èyí tí wọ́n ti dì mú sọ́tọ̀, á rò pé ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ṣubú sí kòtò yẹn nínú ìdánwò.

Ojú mi ni mo fi rí i kí n tó kà á. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Èkó níbí, àyẹ̀wò kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́. A máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ nínú omi ẹ̀jẹ̀, a ó jẹ́ kó dì nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó gbóná tó ara ènìyàn, a ó wá jókòó tì í. Ohun tó bá dì yẹn máa ń rí bí ẹyin tí iná kò jẹ tán. Ẹ lè dojú ìgò délẹ̀, kò ní já bọ́. Wákàtí kan ààbọ̀ á kọjá, nígbà mìíràn á tó mẹ́ta, kí ẹ tó rí i tí àárín rẹ̀ ń rọ̀, tí ìfófòó kéékèèké ń gba inú rẹ̀ gòkè. Ìgbà tó bá yá, omi lásán ló kù. A ó kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé èsì aláìsàn kan tọ ọ̀gá wa lọ. Ti ọjọ́ Ajé tú kíákíá, ti Ọjọ́rú pẹ́ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Mo ti ń wí àwíjàre sílẹ̀: iná ló lọ, wọn ò tètè tan gẹ́nẹ́rétọ̀, omi ti tutù. Ọ̀gá ò tilẹ̀ wo ìgò. Ó ní, "Aago mélòó ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yìí?" N kò mọ̀. Kò sí aago lórí fọ́ọ̀mù. A bá lọ bi wọ́n ní wọ́ọ̀dù: ti àkọ́kọ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ti ìkejì, aago méje àárọ̀. Aláìsàn kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gba fọ́ọ̀mù tí kò bá ní aago lórí, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní báyìí sì ti fi ìyẹn sọ mí lórúkọ.

Kì í ṣe ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ rí i. Fearnley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ọ́ jáde láti 1957 pé agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tú ohun tó dì ń lọ sókè sódò láàárín ọ̀sán àti òru. Ohun tó wá di awuyewuye lẹ́yìn náà ni ohun tó ń fà á. Ṣé oorun ni? Ṣé dídìde ni? Ṣé oúnjẹ ni? Tí gbogbo ènìyàn bá ń sùn lóru tí wọ́n sì ń jí láàárọ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ ya oorun kúrò lára aago inú ara, èyí tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí pé ilẹ̀ ti ṣú?

Ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti Frank Scheer àti Steven Shea, tó jáde ní 2014. Àwọn méjìlá tí ara wọn le ni wọ́n kó sínú ilé àyẹ̀wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, iná bàìbàì ni wọ́n tàn fún wọn, wọ́n sì sọ ọjọ́ di wákàtí 20 dípò 24. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: lónìí wọ́n á jí ní àárọ̀, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á jí nígbà tí aago inú ara wọn gbà pé ọ̀gànjọ́ ni. Oorun, oúnjẹ àti ìdìde wá tú ká sí gbogbo wákàtí. Síbẹ̀ PAI-1 kò tẹ̀ lé oorun. Aago inú ara ló ń tẹ̀ lé, ibi tó sì ti ga jù ni ìgbà tó bá bíi aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ mu. A jẹ́ pé aago inú ara ló ń darí rẹ̀. Kò dúró de kí ẹsẹ̀ ènìyàn kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba orí afárá kọjá lójoojúmọ́ ti rí bí ọ̀sà ṣe ń kún tó sì ń fà. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí nìyẹn, àfi pé ọ̀sà ń kún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni tiwa. Bí ọ̀sà bá sì fà, kì í ṣe pé omi tán ní Èkó. Ibi tí nọ́ọ̀sì yẹn ti ṣì í sọ nìyẹn. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, sísọ́ọ̀sì ń gé, ó kàn ń gé díẹ̀díẹ̀ ni.

Ó dáa, ṣé fífà yìí ń pa ènìyàn lára? Àwọn ìṣirò kan wà tí mi ò lè fojú fò. Ní 1985, James Muller àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà wo wákàtí tí iṣan tó ń bọ́ ọkàn ń dí lójijì, èyí tí gbogbo yín ń pè ní háàtì-átáàkì. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó tó ìlọ́po mẹ́ta ti aago mọ́kànlá alẹ́. Ní 1998, William Elliott kó ìwádìí 31 jọ lórí rọpárọsẹ̀, àwọn aláìsàn tó wà nínú wọn lé ní 11,000. Tí a bá pín ọjọ́ sí mẹ́rin ọgbọọgba, ó yẹ kí 25 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sáàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí ọ̀sán gangan. Iye tó bọ́ síbẹ̀ tó 37.

Àmọ́ kì í ṣe PAI-1 nìkan ló ń jẹ́ àárọ̀. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá jí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á fò sókè, omi ara tó ń ta ọkàn jí á tú jáde, tí ènìyàn bá sì ti nàró, plétílẹ́ẹ̀tì á túbọ̀ máa fẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́ dì, ohun tó ń tú u sì ń fà sẹ́yìn, ìfúnpá sì ń ta lu ògiri iṣan, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ kan náà. Bí ìgbà tí ọkọ̀ Ìkòròdú àti ọkọ̀ Ọ̀ṣọ́dì bá pàdé ní Ọjọ́ta lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ ni. Ta lẹ fẹ́ dá lẹ́bi nínú wọn?

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù rèé, Àlàájà. Tí ẹ bá dé orí afárá Third Mainland ní aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ mọ iye mọ́tò tó máa ń wà níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà nínú mọ́tò yẹn, PAI-1 wọn ti ń gòkè. Wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n dé ibi iṣẹ́, wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n jẹun. Wọn ò ṣubú. Àárọ̀ kì í dá ènìyàn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dán lẹ́bi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ògiri iṣan kan ti ń ya láti ọdún pípẹ́, ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ìfúnpá ti ń gbá a ní ọ̀sán àti ní òru. Lọ́jọ́ tí ibẹ̀ bá bẹ́, ara á hun léèsì lé e lórí. Tó bá jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, sísọ́ọ̀sì lè tètè gé e kó tó dí ọ̀nà. Tó bá jẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀, ó lè dí i pátápátá. Àárọ̀ ló yan wákàtí, òun kọ́ ló ya ògiri.

Ta ló wá ya ògiri? Lọ́dọ̀ wa níbí, a mọ̀ ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SIREN jáde ní 2018, ní Nàìjíríà àti Gánà, lórí àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ tó lé ní 2,000. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba iwájú gbogbo ohun tó ń fà á, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ jìnnà: bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìṣirò wọn fi hàn pé nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rọpárọsẹ̀ yẹn ni kì bá tí ṣẹlẹ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn ńlá, àtọ̀gbẹ, ẹran ní gbogbo ìgbà, àìjẹ ẹ̀fọ́ wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Ẹ̀fọ́ o, Àlàájà, ẹ̀fọ́ tí a ń tò sí etí títì. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ jíjí ní aago mẹ́rin.

Ikùn tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ọ̀rá inú ikùn fúnra rẹ̀ ń ṣe PAI-1, ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá bá sì wọ̀ ń ṣe é pẹ̀lú. Ẹni tó sanra níkùn, tí ṣúgà rẹ̀ sì ga, ọ̀sán àti òru ni PAI-1 rẹ̀ fi ga ju ti ẹlòmíràn lọ, àárọ̀ kàn wá ń gbé e karí èyí tó ti wà nílẹ̀ ni. Ó ń wálẹ̀ bí ènìyàn bá fọn. Ìrìn kíkankíkan náà ń mú kí ògiri iṣan tú tPA jáde lójú ẹsẹ̀, kódà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ẹ bá ń wá ohun tí á máa tú ẹ̀jẹ̀ dídì láìgba owó yín, ẹ máa rìn láti Ìdúmọ̀tà dé ṣọ́ọ̀bù dípò kí ẹ gun ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ aspirin wá kàn. Aspirin kì í tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Plétílẹ́ẹ̀tì ló ń bá jà, kí wọ́n má tètè lẹ̀ mọ́ra. Ìdí tí àwọn kan fi ń sọ pé alẹ́ ló dáa kò ṣàìní ọgbọ́n nínú: aspirin kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rárá, ara sì ń ṣe plétílẹ́ẹ̀tì tuntun ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ẹni tó bá lò ó láàárọ̀ àná ti ní àwọn tuntun tí aspirin kò fọwọ́ kàn nígbà tó bá jí lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní háàtì-átáàkì tàbí rọpárọsẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀ dídì rí, tí dókítà sì ti ní kó máa lò ó, ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Ẹ̀yin kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ má sì gbàgbé pé oríṣi rọpárọsẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan ni iṣan ọpọlọ tó dí. Èkejì ni iṣan ọpọlọ tó bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú ọpọlọ. Nínú ìwádìí SIREN, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ ti iṣan tó bẹ́. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ń ga, tó wá ń fi aspirin dá plétílẹ́ẹ̀tì dúró láìsí ìdí, ó ti múra ilẹ̀ sílẹ̀ fún oríṣi kejì yẹn, yàtọ̀ sí ọgbẹ́ inú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá aspirin yẹn padà fún nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ fún àbúrò yín lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, òun kò gbọ́dọ̀ dá a dúró.

Kápúsù Jàpáánù yẹn pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ má bínú. Mo mọ̀ ọ́n. Nattokinase ni. Inú nátò ni wọ́n ti ń rí i, ẹ̀wà sóyà tí àwọn ará Jàpáánù ń bò títí á fi máa yọ̀, tí á máa fà, tí á máa rùn. Ta lẹ mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá? Irú ni! Kòkòrò Bacillus subtilis tó ń bá wọn ṣe nátò náà ló ń bá àwọn ìyá wa sọ hóró igbá di irú. Hiroyuki Sumi ló rí i ní ọdún 1980 pé nátò ń yọ́ fíbírìn nínú àwo àyẹ̀wò, òtítọ́ sì ni. Àmọ́ inú àwo nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fún àwọn 265 ní kápúsù rẹ̀ tàbí ayédèrú rẹ̀ tí kò ní oògùn nínú ní Amẹ́ríkà fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, tí wọ́n tẹ èsì jáde ní 2021, ògiri iṣan ọrùn àwọn tó lo ojúlówó kò sàn ju ti àwọn tó lo ayédèrú lọ. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ìgò kan, ẹ fi ra ẹ̀rọ ìwọnfúnpá. Irú ní tirẹ̀, ẹ máa fi sínú ọbẹ̀ lọ, ó dùn. Iná ọbẹ̀ ti pa èyí tó ń yọ́ fíbírìn nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ ni tiyín.

Amlodipine yín ńkọ́, àárọ̀ ni àbí alẹ́? Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe òkè àti ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí ìwádìí TIME fi jáde ní 2022 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí àwọn ènìyàn 21,104. Àwọn tó ń lo oògùn ìfúnpá lálẹ́ àti àwọn tó ń lò ó láàárọ̀, ọgbọọgba ni háàtì-átáàkì, rọpárọsẹ̀ àti ikú láàárín wọn. Amlodipine tilẹ̀ ń pẹ́ lára ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà kò sí wákàtí tí kò sí níbẹ̀. Wákàtí tí ẹ ò ní gbàgbé ni wákàtí tó dáa. Bí Ramadan bá dé, ẹ lè gbé e sí ìdí ìṣínu tàbí sàárì, ìkan nínú méjèèjì. Ohun tí ń ba nǹkan jẹ́ ni kí ẹ lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún mẹ́ta torí pé orí ò fọ́ yín.

Ní ti jíjí ní aago mẹ́rin, ẹ máa jí, ẹ máa kírun. Aago inú ara ń kọ́ ìwà ẹni, ó sì ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń jí ní aago mẹ́rin láti ogún ọdún, àárọ̀ ara tirẹ̀ ti lè ṣíwájú ti ẹni tó ń jí ní aago mẹ́jọ. Tí ẹ bá sùn di méje, ẹ kàn sún wàhálà dé aago méje ni, ẹ ó sì tún bá gosiló pàdé. Ohun tí mo lè bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má máa fò dìde. Ẹ jókòó sí etí ibùsùn fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, ẹ mu omi ife kan. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe àlùwàlá, torí omi tútù máa ń mú ìfúnpá fò. Kí ẹ sì sùn ní kùtùkùtù, torí oorun wákàtí mẹ́rin lójoojúmọ́ ń gbé ìfúnpá ga. Àwọn tó yẹ kó bẹ̀rù ọ̀rọ̀ aago ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, ọdẹ alẹ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ tírélà ní Apápá, tí ara wọn ń sọ pé òru ni tí ojú wọn sì ń rí iṣẹ́. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan ní 2012 fi ewu háàtì-átáàkì tiwọn sí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ó ku ohun kan tí àwọn tó ń kó kápúsù kiri kì í bá yín sọ. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà lóòótọ́, alteplase ni, tPA tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ sì ni. Wọ́n á fún aláìsàn ní èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú iṣan títí PAI-1 kò fi ní ọwọ́ tó láti di gbogbo wọn mú. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí ìgbà tí rọpárọsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni a fi ń fún un, a sì gbọ́dọ̀ ti ya CT, ìyẹn àwòrán inú ọpọlọ, kí ó dá wa lójú pé kì í ṣe iṣan tó bẹ́, torí ìyẹn á di ìparun. Ẹni tó bá jí lójú oorun tó bá rọpárọsẹ̀ lára rẹ̀, ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá la máa ń kà, ìyẹn lè jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ àná, ilẹ̀kùn sì sábà máa ń ti tì nìyẹn. Àbúrò yín tó ṣubú nídìí àlùwàlá, ẹ mọ ìṣẹ́jú tó ṣubú. Bí ọjọ́ ọ̀hún ti burú tó, ìyẹn jẹ́ ohun ìní.

Nítorí náà, ẹ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lónìí. Bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́, bí apá kan kò bá gbé, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá lọ́, ẹ wo aago, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ má fi epo, àgbo, mílíìkì tàbí aspirin sí i lẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun lè ti kú, á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ aláìsàn náà sílẹ̀. Kí ẹ sì ti bèèrè sílẹ̀ kí ọjọ́ burúkú tó dé, èwo nínú àwọn ilé ìwòsàn tó sún mọ́ Ṣómólú ló ní CT tó ń ṣiṣẹ́ lóru, kí ẹ lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ kò sọ fún mi bóyá wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àbúrò yín, bóyá iṣan tó dí ni àbí èyí tó bẹ́. Tí ìwé rẹ̀ bá wà, ẹ yà á sórí fóònù kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì kọ aago tó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.